Mi Ò Dárúkọ Ẹnikẹ́ni o

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkùnrin kan fún yín ní Barriera di Milano, nílùú Turin níbí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ o. Ẹni tó bá mọ ọkùnrin tó máa ń dé fìlà àdìrẹ lọ sí gbogbo ìkómọ, tó máa ń gba abọ́ ìrẹsì méjì kó tó béèrè orúkọ ọmọ, kó fọwọ́ bo ẹnu. Irun ni mò ń dì. Ẹ̀yìn ọjà Porta Palazzo ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, kò sì sí ohun tí obìnrin kì í sọ nígbà tí wọ́n bá di irun iwájú orí rẹ̀ mú. Èmi kì í wá ọ̀rọ̀ kiri. Ọ̀rọ̀ ló máa ń kan ilẹ̀kùn mi, tí yóò sì ní kí n bá òun wá àga.

Orúnkún ló ń dun ọkùnrin yìí. Kì í ṣe àná ló bẹ̀rẹ̀. Kí a tó ṣe Iléyá ló ti ń dùn ún, tó ń fi róòbù pa á, tó ń ní kí ìyàwó òun máa bá òun fi omi gbígbóná jó o. Àárọ̀ Mọ́ńdè kan, ìgbà tó kù díẹ̀ kó lọ síbi iṣẹ́, orúnkún kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ irú orúnkún tó máa ń kọ̀ jálẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó wọ bàtà, ó ní pronto soccorso yá, ilé ìwòsàn ńlá, ibi tí áńbúláǹsì ń wọ̀ tó ń jáde.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ lọ rí dókítà wa lẹ́yìn ọjà Piazza Foroni ná."

Háà, mo ti sọ ọ́. Kò burú, ìbejì pọ̀ ní Turin.

Bàbá Ìbejì ní ìyẹn kì í ṣe dókítà. Ó ní dókítà wo ló máa wà nínú ilé tí àwọn èèyàn ti ń din ata, tí orúkọ rẹ̀ wà lára aago ẹnu ọ̀nà láàárín orúkọ àwọn ayálégbé? Kì í gún abẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ ló máa ń bi èèyàn: ṣé ẹ ń sùn dáadáa, ṣé ẹ ń mu omi? Lẹ́yìn náà á kọ Tachipirina fún un, tó jẹ́ Panadol tiwọn níbí. Ó ní òun ò rìn láti Òṣogbo wá sí Ítálì wá mu Panadol.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká yà síbí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Dókítà inú ilé ata yẹn, medico di base ni wọ́n ń pè é, òun sì ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilẹ̀kùn yòókù. Ẹ máa mú ìwé ìgbélùú àti codice fiscale, nọ́ńbà owó orí yín, lọ sí ASL, ọ́fíìsì ètò ìlera àdúgbò, ẹ máa yan orúkọ kan lára àwọn tí wọ́n bá kọ síbẹ̀, wọ́n á sì fún yín ní tessera sanitaria, káàdì ìlera. Láti ọjọ́ náà, ẹ wà lọ́wọ́ ẹni kan. Ọ̀fẹ́ ni. Bí ìwà rẹ̀ ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀, kò sì sí ìdílé ìyàwó tó máa bi yín ní ìdí. Ẹ má sì pẹ́ kí ẹ tó yàn, torí 1,500 èèyàn ni òfin ní kí dókítà kan máa gbà. Àwọn tó gbajúmọ̀ máa ń kún. Ọmọdé ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, pediatra, títí tó fi máa pé 14. Bí ẹ bá ń wá dókítà ojú, dókítà àyà, àwòrán inú egungun, òun ló máa kọ ìwé impegnativa tí ẹ máa gbé lọ sí CUP, ibi tí wọ́n ti ń gba ọjọ́ ìpàdé. Ẹni tí kò bá ní ìwé yìí, yálà kó fi owó ara rẹ̀ sanwó gọbọi, tàbí kó padà sílé lọ máa fi róòbù pa orúnkún.

Ta ló ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́? Obìnrin ni. Ẹ máa pàtẹ́wọ́. Tina Anselmi lorúkọ rẹ̀, ọmọ Castelfranco Veneto, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Padua. Nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́langba, lórí kẹ̀kẹ́ ló ti ń gbé iṣẹ́ fún àwọn tó ń bá Násì jagun. Ní 1976 ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ mínísítà ní Ítálì. Ìgbà tó wá di mínísítà ètò ìlera ni wọ́n gbé òfin 833 jáde lóṣù Kejìlá 1978, pé gbogbo ẹni tó wà nílẹ̀ yìí, olówó tàbí tálákà, yóò máa gba ìtọ́jú lọ́wọ́ ìjọba. Mo ti ní kí wọ́n bá mi wá àwòrán rẹ̀ kí n gbé e kọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ má rò pé mò ń fún ìjọba ní oyin lá o. Ìwé impegnativa yẹn ní lẹ́tà kan lórí. U, wọ́n gbọ́dọ̀ rí yín láàárín wákàtí 72. B, ọjọ́ 10. D, ọjọ́ 30 bó bá jẹ́ pé dókítà ni ẹ fẹ́ rí, 60 bó bá jẹ́ àyẹ̀wò. P ńkọ́? Ọjọ́ 120. Ẹni tí wọ́n bá kọ P fún, kó lọ máa ra aṣọ ẹbí, kó lọ máa jó, á padà wá bá a. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, dókítà kan náà tí wọ́n ní kò sáyè lọ́dọ̀ rẹ̀, bí ẹ bá mú owó dání, ó lè rí yín nírọ̀lẹ́ nínú ilé ìwòsàn kan náà. Intramoenia ni wọ́n ń pè é, òfin sì fọwọ́ sí i. Mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ìyẹn, àmọ́ ọmọ ẹni tó ni ilé tí mo háyà ń kọ́ iṣẹ́ dókítà.

Ká padà sọ́dọ̀ orúnkún.

Bàbá Ìbejì dé pronto soccorso. Ilé ìwòsàn wo? Ìyẹn ò kàn yín. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà bi í ní ìbéèrè mẹ́rin márùn-ún, ó tẹ orúnkún náà, ó sì fún un ní àwọ̀ funfun. Inú rẹ̀ dùn. Nílé wa, ta ló máa ń rí funfun kó bínú? Kò mọ̀ pé funfun ló kẹ́yìn. Láti 2019 ni àwọ̀ ti di márùn-ún: pupa ni ti ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́ bọ́, àwọ̀ ọsàn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà azzurro tó jọ ojú ọ̀run, lẹ́yìn náà àwọ̀ ewé, funfun wá jókòó sísàlẹ̀ pátápátá. Àwọ̀ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó wo ìgbà tí èèyàn dé. Bí ẹ dé láàárọ̀ kùtù, tí pupa mẹ́ta dé ní ìrọ̀lẹ́, pupa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa kọjá lójú yín.

Ohun tó sì bà mí nínú jẹ́ jù ni pé ìwé ìsinmi ló ń wá. Gbogbo ariwo yẹn, torí kí ọ̀gá rẹ̀ má bàa yọ owó rẹ̀ ni. Medico di base ló sì máa ń kọ ìyẹn, tó máa fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí INPS, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìsinmi àìsàn, lójú ẹsẹ̀. Kìkì pé ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ wà nílé láago 10 sí 12 àárọ̀, àti láago 5 sí 7 ìrọ̀lẹ́, títí kan ọjọ́ Sunday, torí wọ́n lè rán dókítà wá wò ó. Ọmọkùnrin kan wà ní Brescia, ẹ̀yìn ń dùn ún, ìwé sọ pé kó má gbé ohun tó wúwo. Agogo 11 àárọ̀ Sátidé, ó wà níbi tí wọ́n ti ń ti mọ́tò tó kú. Èmi kọ́ ni mo sọ fún wọn o. Mi ò tilẹ̀ dé Brescia rí.

Bàbá Ìbejì ń jókòó. Ẹ jẹ́ kó máa jókòó, ká lo àyè rẹ̀.

Ṣé ẹ mọ Cottolengo, ilé ràgàjì tó wà nísàlẹ̀ Porta Palazzo, tí àwọn arábìnrin tó wọ ìbòrí ń wọlé jáde níbẹ̀? Mùsùlùmí ni mí, àmọ́ ìtàn rẹ̀ máa ń jẹ́ kí n dá irun dídì dúró. Lọ́dún 1827, obìnrin ará Faransé kan ń gba Turin kọjá pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀, oyún wà níkùn rẹ̀, ibà sì gbé e ṣánlẹ̀. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn kan, wọ́n ní aboyún ni, àwọn ò gba aboyún. Wọ́n gbé e dé ilé ìgbẹ̀bí, wọ́n ní ibà ń ṣe é, kò gbọ́dọ̀ kó o ran àwọn yòókù. Wọ́n gbé e síyàrá ẹlẹ́gbin kan tí wọ́n ń kó òtòṣì sí, ibẹ̀ ló kú sí. Àlùfáà tí wọ́n pè wá gbàdúrà fún un ni Giuseppe Cottolengo. Wọ́n ní kò lè sùn lẹ́yìn náà. Nígbà tó di oṣù Kìíní 1828, ó ti háyà yàrá fún àwọn tí ilé ìwòsàn yòókù bá lé. Ní 1832, ó kó wọn wá síbi tí ilé náà wà dòní. Ẹ wò ó, obìnrin yẹn ò kú nítorí pé kò sí ilé ìwòsàn nílùú. Ó dé méjì.

Mo tún mọ ọmọbìnrin kan níbí, lákòókò tiwa yìí, tó fẹ́ fi ara rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà Líbíà ló gbà wá, kò ní ìwé kankan, oyún oṣù mẹ́fà wà níkùn rẹ̀, ó sì sá pamọ́ sí àdúgbò San Salvario tó ń mu àgbo tí wọ́n dì sínú ike omi. Ẹnì kan ti sọ fún un pé bó bá dé ilé ìwòsàn, ọlọ́pàá ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè. Irọ́ gbuu! Òfin àwọn àlejò tó jáde ní 1998 kọ̀ ọ́ ní kedere: ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ fi ẹni tó wá gba ìtọ́jú sùn nítorí pé kò ní ìwé. Káàdì kan wà fún irú wọn tí wọ́n ń pè ní STP, oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n máa ń tún un ṣe. Aboyún àti ọmọdé wà lábẹ́ ààbò rẹ̀ pátápátá. Èmi gan-an ni mo fà á lọ́wọ́ lọ sí consultorio, ibi tí agbẹ̀bí, dókítà obìnrin àti ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọkàn wà lójú kan. Láti 1975 ni òfin ti dá a sílẹ̀, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ fún àyẹ̀wò oyún. Ilé ìwòsàn Sant'Anna ló bímọ sí. Ọmọkùnrin làǹtìlanti! Wọn ò sọ orúkọ mi mọ́ tirẹ̀, àmọ́ mi ò bínú.

Ọ̀rọ̀ àgbo yìí, ẹ má fi ṣeré. Ọmọ àbúrò mi ń kàwé ní Padua. Mo lọ síbi ìkómọ kan ní Arcella níbẹ̀ lọ́jọ́sí, ó sì mú mi lọ wo ọgbà ewé kan tí yunifásítì ibẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1545, pé kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìṣègùn lè mọ ewé gidi yàtọ̀ sí ayédèrú. Olè bẹ̀rẹ̀ sí í fòru jí ewé náà ká, àfi ìgbà tí wọ́n mọ ògiri róbótó yí i po. Mo dúró níbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àwọn Òyìnbó tó ń yọ ṣùtì sí ewé wa, àwọn náà ń jí i!

Ìlú Padua kan náà ni Vincenzo Gallucci ti kọ́kọ́ pààrọ̀ ọkàn èèyàn nílẹ̀ Ítálì, ní oṣù Kọkànlá 1985. Láti orí ewé dórí ọkàn. Bẹ́ẹ̀, ọmọ àbúrò mi, tó ń gbé nínú ìlú ọlọ́gbọ́n yìí, kò forúkọ sílẹ̀. Ó ní wọ́n ti gbówó lé e. Òótọ́ ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: ẹni tó bá ní ìwé iṣẹ́ kì í sanwó, àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ wọ ètò ìjọba, yúrò 149 àti ẹ̀là díẹ̀ ló ń san lọ́dún títí wọ́n fi sọ ọ́ di 700 ní 2024. Owó kékeré kọ́ nìyẹn fún ọmọ tó ń fọ abọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra ìwé adójútòfò tí kò wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti pàjáwìrì nìkan. Mo ní tó bá ṣe pé ara rẹ le, tí kò sóògùn tí ò ń lò lójoojúmọ́, ra ìyẹn, mi ò ní bá ẹ jà. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée, tàbí tí àìsàn ìdílé bá ń lé kiri, kó tẹ́wọ́ kí ìyá rẹ̀ àti àwọn àǹtí rẹ̀ dá a jọ, kó san 700. Àmọ́ kó san án lóṣù Kìíní! Ẹni tó bá san án lóṣù Kẹwàá, 31 oṣù Kejìlá ló máa parí fún un, wọn kì í pín in sí wẹ́wẹ́.

Níbo la wà? Ẹ̀n-ẹ́n. Ìyá Ìbejì.

Ọkọ rẹ̀ ti kúrò nílé. Òun náà, orí ti ń fọ́ ọ láti ọjọ́ mẹ́ta, àyà rẹ̀ sì ń wúwo bí ẹni gbé ọlọ lé e. Ta ló sọ fún? Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ́fíìsì ló ń fọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ìrẹsì ló ń sè nírọ̀lẹ́, orúnkún ẹlòmíràn ló ń tẹ̀ lóru. Ó wọ ilé ìtajà oògùn tó wà ní ìgun àdúgbò, èyí tó ní àgbélébùú aláwọ̀ ewé tó ń tàn yẹ́ríyẹ́rí, ó ní kí wọ́n fún òun ní Tachipirina. Apòògùn wo ojú rẹ̀, ó ní, "Signora, ẹ jókòó ná." Ó fi ẹ̀rọ di apá rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru: 210 lókè, 120 nísàlẹ̀. Apòògùn tún un ṣe ní apá kejì, bákan náà. Kò tilẹ̀ ta Tachipirina mọ́. Ó tẹ 112, nọ́ńbà pàjáwìrì.

Ẹ gbọ́ o. Nígbà tí wọ́n gbé Ìyá Ìbejì wọ pronto soccorso yẹn lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, pẹ̀lú àwọn tó wọ aṣọ àwọ̀ ọsàn tí wọ́n ń sáré, Bàbá Ìbejì ṣì jókòó níbẹ̀. Ó ti lé ní wákàtí márùn-ún. Ebi ń pa á. Ó rí wọn tí wọ́n ń gbé ẹnì kan kọjá lọ tààrà sínú ilé, ó sì dìde. Lórí orúnkún tó kọ̀ jálẹ̀ yẹn o! Ó pariwo lédè Ítálì tó gbọ́, èyí tó kù ó fi Yorùbá kún un: kí ló dé, ṣé torí pé dúdú lòun ni, ẹni tó dé báyìí ni wọ́n ń gbé wọlé, òun tóun wà ńbẹ̀ láàárọ̀, ìlú wo la ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Ohùn kan dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì: "Bàbá Ìbejì, ẹ jókòó."

Ẹ bá mi wo ojú ọkùnrin yẹn. Ó ní ohun tó kọ́kọ́ wá sóun lọ́kàn ni pé ó gbé oúnjẹ wá fóun.

Nínú lọ́hùn-ún, dókítà ní kí obìnrin náà sọ gbogbo ohun tó ń mu. Ó ní òun kì í mu nǹkan kan. Wọ́n pe mediatrice, àwọn tó ń bá wa túmọ̀ nílé ìwòsàn, Ọlọ́run sì ṣe é pé ọmọ Ìbàdàn lẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, ó ní, "Mọ́mì, àgbo ńkọ́?" Ìyá Ìbejì wo òkè àjà. Ó ní, "Ti jẹ̀díjẹ̀dí ni, díẹ̀ ni mò ń mu." Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Dókítà ò bú u. Ó ní ó dáa tó sọ ọ́, kóun má bàa fún un lóògùn tí yóò bá a jà nínú ikùn.

Ó sùn síbẹ̀. Wọ́n wo ọkàn rẹ̀, wọ́n yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò, wọ́n fún un lóògùn tó ń mu láràárọ̀ báyìí. Òun ló ń mú àwọn ìyá àdúgbò lọ sọ́dọ̀ dókítà inú ilé ata wàyí, kó bá wọn wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó tún mọ guardia medica, pé láago 8 alẹ́ sí 8 àárọ̀, àti lópin ọ̀sẹ̀, nígbà tí dókítà tiwa bá ti ti ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni èèyàn máa ń ké sí fún ohun tí kò lè dúró dọ̀la, tí kò sì tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ pe áńbúláǹsì. Wọ́n ti ń pè é ní Dókítà ní Barriera. Ó ń díbọ́n pé kò wu òun.

Ti orúnkún? Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó pè é. Dókítà tẹ̀ ẹ́, ó ká a, ó nà án, ó ní kó lọ rí medico di base rẹ̀.

Ìwé owó sì dé lẹ́yìn náà, torí ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú ohun tí kì í ṣe ti ibẹ̀, tó sì jáde ní funfun, yúrò 25 ni wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Ìbejì ka ìwé náà síwájú, ó kà á sẹ́yìn. Ó lọ san án ní tabaccheria tó ti máa ń ta lọ́tìrì, ó sì wọlé tìbínú-tìbínú. Ó ní irú ìlú wo nìyí? Ó ní ìwọ tí wọ́n fi áńbúláǹsì gbé, tó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, tó jẹ oúnjẹ wọn, tí wọ́n fi ẹ̀rọ oríṣiríṣi wo inú rẹ, o ò san kọ́bọ̀. Èmi tí wọn ò fún lómi mu, yúrò 25! Kí ni mo jẹ? Kí ni mo lò níbẹ̀?

Ìyàwó rẹ̀ ń tú ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.

"Àga," ló ní. "Àga tẹ́ ẹ jókòó lé lẹ sanwó rẹ̀."